Ẹ má wo gíga ọkọ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ni kí ẹ wò

Bí àgbàrá òjò bá ti bo Lẹ́kì àti Ajah, tàbí tí odò ń kún n'Íbàdàn, àwọn tó ń wa píkọ́ọ̀pù ló máa ń fojú kéré omi jù. Wọ́n á ní, "Hilux lèmi ń wà o, kì í ṣe Corolla." Òótọ́ ni, ọkọ̀ náà ga. Ṣùgbọ́n omi tó ń pa ẹ́ńjìnnì kò bìkítà bí bọ́dì ṣe ga tó. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ ló ń wá.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ẹ wá àpótí dúdú tí fíltà afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ ọ̀pá tó jáde lára rẹ̀ títí dé ẹnu. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, inú fẹ́ńdà ló wọ̀ sí, lẹ́bàá iná iwájú. Ẹnu ọ̀pá yẹn ni kí ẹ wọ̀n láti ilẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà máa ń kọ ìwọ̀n omi tó lè là kọjá: sẹ̀ńtímítà 70 fún Hilux, 80 fún Ford Ranger, 50 péré fún Amarok àkọ́kọ́ tí Volkswagen ṣe. Táyà 265/65R17 tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Hilux ga tó sẹ̀ńtímítà 77, ẹ wá rí i pé 70 yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táyà mọ́lẹ̀. Omi tó dákẹ́ ni wọ́n sì ń sọ, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń rọra rìn. Ní tèmi o, omi tó bá ti kọjá orúnkún àgbàlagbà, ẹ yí padà.

Ìdí tí mo fi le báyìí rèé. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Ẹ́ńjìnnì 2.7 oní-pẹtiróòlù tó pọ̀ nínú Hilux wa ní sílíńdà mẹ́rin. Bí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, bá gòkè dé òpin, àyè tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlílítà 75 lọ. Ṣíbí ìjẹun márùn-ún á kún un. Ti dísẹ́lì 2.8 tún kéré sí i, ṣíbí mẹ́ta péré. Bí omi tó jù bẹ́ẹ̀ bá wọlé, tí písítìnì ń fi gbogbo agbára bọ̀ lókè, omi kò níbi tó máa sá sí. Kónrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó gbé písítìnì dúró, ló máa tẹ̀. Nígbà míì á kúkú ṣẹ́, á sì lu ẹ̀gbẹ́ bulọ́ọ̀kù já. Ẹ lọ wá ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe sítáàtì rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn òjò, ìgbà tó kú nínú omi kọ́ ló bàjẹ́; ìgbà tí ọlọ́kọ̀ ń yí kọ́kọ́rọ́ léraléra ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í jáde. Fíltà afẹ́fẹ́ ni mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ ṣí. Bó bá gbẹ táútáú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ni, ẹ pe riwáyà. Bó bá tutù, kó tú gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, tàbí injector (ohun tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú sílíńdà) bó bá jẹ́ dísẹ́lì, kó tó fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbé ojú sún mọ́ ọn, torí omi á máa tú jáde lójú ihò wọ̀nyẹn pẹ̀lú agbára. Mẹkáníìkì tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ wò ná" láì tíì tú nǹkan kan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi tó ń ṣàn ni mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ ọjọ́ pẹ́ pé omi tó ń ṣàn, tó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 30, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, tó bá sì di 60, píkọ́ọ̀pù pàápàá ń lọ. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ̀yìn tó ṣófo fúyẹ́, ẹ̀yìn yẹn ló sì máa kọ́kọ́ léfòó tí ọkọ̀ á fi yí. Fọ́ọ̀ wíìlì kò ran èyí. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò rí nǹkan dì mú. Ọ̀nà tó wà lábẹ́ omi náà sì lè ti lọ. Nígbà tí àgbàrá ya wọ Ìbàdàn ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, afárá Apẹ̀tẹ̀ wà lára ohun tó gbé lọ.

Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò ga, tí ọ̀nà míì kò sì sí, ẹ dúró kí ẹ wo ọkọ̀ tó ṣáájú dáadáa: ibo ni táyà rẹ̀ ti rì? Ẹ bi àwọn ará àdúgbò, àwọn ló mọ gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ẹ yí gíláàsì sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, torí gíláàsì oníná lè kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn náà. Ẹ pa éèsì, kí fáànù tó ń mú un tutù má baà máa na omi. Bí tírélà bá ń bọ̀ lódìkejì, ẹ jẹ́ kó kọjá ná. Ìgbì rẹ̀ lè sọ omi orúnkún di omi itan. Ẹ wọ 4L, ìyẹn fọ́ọ̀ wíìlì tó lágbára tó ń rọra rìn, bí ọkọ̀ yín bá ní in, géàrì kìíní tàbí kejì, kí ẹ rọra ki imú rẹ̀ bọ omi. Bí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ máa rìn bí ẹni tó ń yára rìn lẹ́sẹ̀. Ìgbì kékeré kan á máa lọ níwájú bọ́ńpà, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá sáré, ẹ máa gun orí ìgbì náà, omi á bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá dúró, ìgbì á padà wá bá yín. Ẹ má pa géàrì dà láàárín omi, ẹ má sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹ bá jáde, ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí á fi mú. Ẹ tún wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti dífù, ìyẹn àpótí géàrì tó wà láàárín táyà méjèèjì ẹ̀yìn. Dífù tó gbóná tó bá bọ́ sínú omi tútù máa ń fa omi wọlé, ọ́ìlì inú rẹ̀ á wá dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ yí i lọ́jọ́ náà, pàápàá bí omi ọ̀sà tó ní iyọ̀ bá wà nínú ẹ̀.

Ẹ wo ìwé ìnṣọ́ránsì yín pẹ̀lú. Third party kò san kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tiyín tí omi bàjẹ́, comprehensive gan-an, ẹ bi wọ́n bóyá omíyalé wà nínú rẹ̀ kí òjò tó dé.