Lẹ́tà akọ̀wé ò dé, ẹ̀rọ sì yọ ọmọ ẹgbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde níléèwé, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. A ní àdírẹ́sì ímeèlì kan tó jẹ́ pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀, gbogbo wa la máa rí i gbà. Àmọ́ bí mo bá fi Yahoo mi kọ̀wé, àwọn tó ń lo Gmail kì í rí i. Wọ́n ní mò ń fi ọ̀rọ̀ ìpàdé pamọ́ fún àwọn. Ẹ̀rọ tún ti yọ mẹ́ta nínú wọn kúrò! Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo wo lẹ́tà ìdápadà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. 550 àti 5.7.26 tó wà nínú rẹ̀ ti tú àṣírí: nọ́ńbà tí Gmail fi ń sọ pé òun kò gba lẹ́tà, torí kò dá òun lójú pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun kọ ọ́ ló ti wá.

Ẹ rántí àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó gbé e bá fi ẹyọ kan kún un lọ́nà, ẹ̀fà ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ímeèlì ṣe rí náà nìyí. Yahoo kéde àwọn ẹ̀rọ tó lè bá a jíṣẹ́: SPF nìyẹn. Ó fi èdìdì lu lẹ́tà: DKIM. DMARC wá ni àṣẹ onílé: bí ìránṣẹ́ kì í bá ṣe tèmi, tí èdìdì sì ti já, ẹ má gbà á.

Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ yín ń lẹ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ àkọlé, ó sì ń kọ “Ẹ rántí owó oṣù” sísàlẹ̀. Èdìdì já. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ń pín in kiri, Yahoo ò sì mọ̀ ọ́n rí. Síbẹ̀ orúkọ Yahoo yín ló wà níwájú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti ní kí wọ́n dá irú rẹ̀ padà, torí àwọn oníjìbìtì tó ń fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni kọ̀wé. AOL, iléeṣẹ́ ímeèlì mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kan náà.

Ìbéèrè: Àwọn tí ẹ̀rọ yọ ńkọ́? Wọn ò kúkú kọ nǹkan kan.

Ìdáhùn: Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Gmail dá lẹ́tà yín padà. Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rò pé àdírẹ́sì ẹni tó yẹ kó gbà á ló ti kú. Bó bá ṣẹlẹ̀ léraléra, ó yọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ dànù.

Ìbéèrè: Kí wá ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ má fi ohunkóhun kún lẹ́tà mọ́, kí èdìdì lè dé odindi. Bí ẹgbẹ́ bá fi dandan lé ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn, kí àdírẹ́sì ẹgbẹ́ máa hàn gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́, kí tiyín wà níbi tí èsì ń lọ. Mailman, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń pín lẹ́tà fún ẹgbẹ́, ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Kò wù mí, ó ń da ojú lẹ́tà rú, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan tún wà, ARC, tó jáde ní 2019, níbi tí ẹni tó gbé lẹ́tà ti ń jẹ́rìí sí bó ṣe bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á ló máa pinnu bóyá òun gba ẹ̀rí náà gbọ́.

Àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ dá orúkọ wọn padà fúnra yín. Ẹ̀rọ ò ní bá yín dá a padà.