Àga tó rọ̀ jù kọ́ ló ń tuni lára o

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fọ́níṣọ̀ l'Ádó-Èkìtì, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń ṣe tá a bá fẹ́ ra àga ọ́fíìsì. Èèyàn á jókòó, á fì síwá sẹ́yìn díẹ̀, á fọwọ́ tẹ fóòmù ẹ̀, tó bá ti rì wọlé báyìí ó ti parí, "ehn, èyí ló tura", owó ti jáde nìyẹn. Fóòmù tó rọ̀ ni ìtura, bá a ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wò ó, egungun méjì kan wà nísàlẹ̀ ìdí, àwọn ló ń gbé wa tá a bá jókòó. Tí fóòmù bá ti rọ̀ jù, wọ́n á máa rì títí wọ́n á fi kan pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀, ìbàdí á yí sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ á wá tẹ̀ bí ọrun. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù ò lè fi èyí hàn yín. Ẹni tó bá ń kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì n'Íkẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán ló máa mọ̀ (ìpínlẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ tó báyìí, ó yẹ ká ti mọ̀ nípa ìjókòó tipẹ́!). Ẹ fi ìkúùkù tẹ fóòmù náà dáadáa, tọ́wọ́ yín bá ti kan pákó, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ń tuni lára gan-an ni kí àga bá ara ẹni mu. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ìgúnpá ṣe déédéé tábìlì, kí àlàfo ìka méjì sí mẹ́ta wà láàárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún. Tí tábìlì bá ga jù, ẹ gbé àga sókè kẹ́ ẹ wá fi àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀. Kò dẹ̀ pọn dandan kẹ́ ẹ nà gbọnrangandan bíi sójà. Ní 2006, dókítà Waseem Bashir àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Aberdeen, ní Scotland, fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ẹ̀yìn èèyàn 22 níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n rí i pé ẹni tó fẹ̀yìn tì tó dígíríì 135 láàárín ẹ̀yìn àti itan ni wàhálà ẹ̀yìn ẹ̀ kéré jù, ti ẹni tó jókòó gan-n-gan ní 90 pọ̀ jù ú lọ. Nọ́bù tó wà lábẹ́ àga, tí ọ̀pọ̀ ò fọwọ́ kàn rí, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ẹ máa yí i títí ẹ̀yìn àga á fi máa bá yín lọ láìjẹ́ pé ẹ ń tì í.

Ti títò àga náà pọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ẹ má fún bóòtù kankan le títí gbogbo ẹ̀ á fi wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tó kẹ́yìn ò ní wọ ihò, àga á máa ké, wọ́n á ní ayédèrú ni. Irin abẹ́ ìjókòó ní iwájú àti ẹ̀yìn o, tẹ́ ẹ bá yí i pa dà, ńṣe ló máa gbé yín ṣubú síwájú. Òpó gáàsì tó ń gbé àga sókè sódò ò nílò hámà, ìwúwo ẹni tó jókòó ló ń tì í wọlé.

Ẹ dákun, ẹ bó ọ̀rá ara àga náà dànù. Mo mọ̀ pé torí kó má dọ̀tí ni, àmọ́ tí iná bá lọ lọ́sàn-án tí fáànù dúró, òógùn á lẹ aṣọ mọ́ yín nídìí, ẹ ó wá ní àga yẹn ni ò dáa.