“Fífa ọmọ lé òbí lọ́wọ́” ni mo wí, kì í ṣe “àtúndàpọ̀ ìdílé”

Láti ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá mi lágara lọ́wọ́ àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá. Ọdún yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí tó gba ẹnubodè Mẹ́síkò wọlé, tí wọ́n ń ti òbí mọ́lé, tí wọ́n ń kó ọmọ lọ síbòmíràn, kó tó di pé adájọ́ pàṣẹ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan padà sọ́dọ̀ ẹni tó bí i. Ohun tí adájọ́ pàṣẹ yìí ní orúkọ tó dùn létí lédè Gẹ̀ẹ́sì, “family reunification”. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kálukú rọ ọ́ bó ṣe wù ú. Mo ti rí “àtúndàpọ̀ ìdílé”. Mo ti rí “ìṣọ̀kan ẹbí”. Mo ti rí “ìdápadà àwọn ọmọ”. Mo ti rí “ìtúnríra òbí àtọmọ”, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí i mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ “riyunifikéṣọ̀n”, ó ki àmì ohùn bọ̀ ọ́ lórí, ó rò pé àmì ló ń sọ ọ̀rọ̀ di Yorùbá.

Tèmi ni “fífa ọmọ lé òbí lọ́wọ́”. Mi ò dá a sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá sọnù tí wọ́n rí i, kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé wọ́n ti tún òun àti ìyá rẹ̀ dà pọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n ti fà á lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé kí ìròyìn tó dé. Ìdí wo la fi ń lọ yá ẹ̀wù lọ́jà?

Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì là ń dà pọ̀, ohun méjì tí kò mọ ara wọn rí. Tí a bá dà wọ́n pọ̀ tán, kò tún sí yanrìn, kò tún sí sìmẹ́ńtì. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti bàbá rẹ̀ kọ́ nìyẹn. “Ìṣọ̀kan” burú jù ú lọ. Ẹgbẹ́ tó pín sí méjì, ẹbí tó ń bára wọn ṣẹjọ́ lórí ogún, àwọn ló ń wá ìṣọ̀kan. Àwọn ìdílé tí à ń wí yìí kò jà. Ẹni tó bá ka “ìṣọ̀kan ẹbí” láìmọ ìtàn náà á rò pé ọkọ àti ìyàwó ló ń bá ara wọn ṣọ̀tá, tí ìjọba Amẹ́ríkà wá ń bá wọn parí ìjà. “Ìtúnríra” ńkọ́? Ẹ bọ́ “tún” kúrò láàárín, kí ẹ wo ohun tó kù. Ìríra ni.

“Ìdápadà” ló gba àròjinlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn pàtàkì ló ń lò ó. Àbùkù rẹ̀ ni pé a ti fi ṣe nǹkan mìíràn. Bí ìjọba bá lé àjèjì kúrò nílùú tí wọ́n sì gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, a máa ń ní wọ́n ti dá a padà. Nínú ọ̀ràn ọdún 2018 yìí, nǹkan méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ lójú kan náà. Wọ́n tẹ ìwé kan fún òbí tó wà ní àtìmọ́lé tí ìdájọ́ ìlékúrò-nílùú ti wà lórí rẹ̀: kó mú ọ̀kan, ṣé kí wọ́n gbé òun àti ọmọ lọ, àbí kí wọ́n gbé òun nìkan lọ kí ọmọ dúró sí Amẹ́ríkà. Ẹ wá kọ ìyẹn pẹ̀lú “ìdápadà”. “Bàbá náà fara mọ́ ìdápadà láìsí ìdápadà ọmọ rẹ̀.” Ta ló fẹ́ lóye rẹ̀? Mo ka irú gbólóhùn yìí nínú ìròyìn kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní láti lọ wá ti Gẹ̀ẹ́sì kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Kí n tó dé ìdí ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n tún da omi tútù sí ẹlòmíràn lára. Àwọn kan ń pe àwọn ọmọ náà ní “ọmọ aláìlóbìí”. Òbí wọn wà láàyè! Ọmọ òrukàn ni aláìlóbìí. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń sọ ni ọmọ tó dá wá. Òfin ọdún 2002 ló túmọ̀ rẹ̀: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí kò sì sí òbí tàbí alágbàtọ́ ní Amẹ́ríkà tó wà nípò láti tọ́jú rẹ̀. Òfin ọdún 2008 sì ní kí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ láàárín wákàtí 72. Ọmọ tó dá rin ìrìn náà ni òfin yìí ní lọ́kàn. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Jeff Sessions tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ ní gbogbo ẹni tó bá wọlé láìgba ojú ọ̀nà tó tọ́ ni wọn ó gbé lọ sílé-ẹjọ́ ọ̀daràn. Lágbègbè El Paso ní ẹnubodè Mẹ́síkò, wọ́n ti ń dán an wò láti ọdún 2017. Bí wọ́n bá ti mú bàbá lọ sílé-ẹjọ́, kò sí òbí nítòsí mọ́, ọmọ tó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú wọlé di ọmọ tó dá wá. Bírò ni wọ́n fi sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òbí mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹjọ́ rẹ̀ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Kó tó dé, ọmọ ti lọ.

(Aṣíkiri ni, àtìpó ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.)

Kí wá ló mú kí fífa ọmọ lé òbí lọ́wọ́ le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fojú inú wò ó pé ọgọ́rùn-ún obìnrin gbé ìkòkò wá síbi iṣẹ́ kan náà, kálukú pẹ̀lú ọmọrí tirẹ̀. Ẹni tó gbà wọ́n wọlé gbọ́n, ó so òwú aláwọ̀ kan náà mọ́ ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Ẹlòmíràn dé, ó ní kí wọ́n kó ìkòkò sílé kan, kí wọ́n kó ọmọrí sílé mìíràn. Bó ṣe ń ṣí ọmọrí kúrò lórí ìkòkò ló ń já òwú dànù, nítorí lójú tirẹ̀, ohun tó bá ṣì wà pọ̀ ni òwú wà fún. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkòkò ní ìwé tirẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ọmọrí ní tirẹ̀, ìwé méjèèjì kò mọ ara wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé lára àwọn ìkòkò náà kọjá odò. Ìgbà náà ni onílé wá dé, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni òun fún wọn, kí ọmọrí kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkòkò tirẹ̀. Ìkòkò wà níbì kan, ọmọrí wà níbì kan. Òwú ni kò sí.

Òwú yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, nọ́ńbà kan tó pa àwọn ará ìdílé pọ̀. Bí wọ́n bá ti ya ọmọ sọ́tọ̀ ni nọ́ńbà náà ń parẹ́. Òbí wà lọ́wọ́ ICE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ti àjèjì mọ́lé tó sì ń lé wọn kúrò nílùú, ọmọ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ìlera, kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà kálukú sì dá dúró. Onílé ni Dana Sabraw, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Diego. Ìyá kan láti Congo ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà, “Ms. L.” ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ẹjọ́. Inú àtìmọ́lé ní San Diego ló wà, ọmọ rẹ̀ ọdún méje wà ní Chicago. Ní June 26, 2018, adájọ́ ní kí wọ́n fa àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún lé òbí wọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ 30. Ó kọ ọ́ sínú àṣẹ náà pé owó, ìwé pàtàkì àti ọkọ̀ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ni ìjọba máa ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n máa ń tọ́jú, tí wọ́n sì máa ń kó fún un tó bá ń jáde. Ọmọ nìkan ni wọn kò mójú tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ wá jókòó ti fáìlì ọmọ bí 12,000, wọ́n ń fọwọ́ ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí. Wọ́n ń gba itọ́ ẹnu ṣàyẹ̀wò DNA, torí ọmọ jòjòló kò lè dárúkọ ìyá rẹ̀. Nínú January 2019, iye ọmọ tó wà lákọsílẹ̀ fún ẹjọ́ náà jẹ́ 2,737. Ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ka àwọn ti ọdún 2017 mọ́ ọn, ó ju 4,000 lọ.

Ẹ̀hìn èyí ni ìjà èmi àti “àtúndàpọ̀” wá dé ojú ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú “fà lé lọ́wọ́”: ẹni tó ń fà á, ẹni tí wọ́n ń fà, ẹni tó ní ọwọ́. Ẹni méjì péré ló wà nínú “àtúndàpọ̀”, ẹni tó mú wọn ti wábi gbà. Ó wá dà bí ẹni pé ẹ̀fúùfù ló ya wọ́n. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ onímọ̀ èdè lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ August 2018, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní kí ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú tó gbé ẹjọ́ náà wá, lọ máa wá àwọn òbí tí wọ́n ti lé lọ sí òkèèrè. Adájọ́ kò gbà. Ó ní gbogbo òbí tí wọn kò bá rí, ọmọ rẹ̀ di ọmọ òrukàn títí ayé, àti pé ọrùn ìjọba ni ìdá ọgọ́rùn-ún ẹrù náà wà. (Ẹ wo ibi tí “ọmọ òrukàn” ti tọ́.) Ọwọ́ ẹni tí ọmọ wà ló ń fa ọmọ. Èdè wa ti sọ ọ́ kí adájọ́ tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà tún wà. Ní July 26, ọjọ́ tí gbèdéke pé, ìjọba ní àwọn ọmọ 1,442 tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà pẹ̀lú òbí wọn tó wà lọ́wọ́ ICE. Wọ́n ka 378 mìíràn mọ́ wọn, àwọn tó jáde “lọ́nà mìíràn tó yẹ”. Lára wọn ni ọmọ tí wọ́n fún mọ̀lẹ́bí àti ọmọ tó ti pé ọdún 18. Ọmọ 711 ló kù, òbí 431 nínú wọn kò sì sí ní Amẹ́ríkà mọ́. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ wọn gbà láyè láti ṣe irú ìṣirò yìí: ìwé tí àbúrò bàbá máa ń kọ nígbà yẹn kí wọ́n tó gbé ọmọ fún un ní iléeṣẹ́ ètò ìlera, orúkọ kan náà ló ń jẹ́ pẹ̀lú ohun tí adájọ́ pàṣẹ! Lédè tèmi, ó di dandan kí ẹ dárúkọ ẹni tó ní ọwọ́. Tó bá jẹ́ àbúrò bàbá, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n fà á lé àbúrò bàbá lọ́wọ́, kí òǹkàwé mọ̀ pé bàbá kò tíì rí ọmọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fara mọ́ “ìdápadà” sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi ní àbùkù: ó dà bí ẹni pé ọmọ nìkan ló ń rìn, òbí dúró sójú kan. Ó ní nígbà ìjọba Joe Biden, tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 2021, òbí ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti Guatemala àti Honduras wá bá ọmọ, tí wọ́n ń fún un ní àyè láti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́ta. Mo ní kò burú, ó ronú jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ kì í rìn ni? Bí mo bá wọ ọkọ̀ wá gba ohun tí mo fi sí ọ lọ́wọ́, ìwọ náà lo máa fà á lé mi lọ́wọ́. Tirẹ̀ gan-an ni kò ṣeé gbé síbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n dá ọmọ padà nígbà tí ọmọ kò kúrò níbi tó wà. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ẹnì kan ní láti wá ọwọ́ náà kàn. Àwọn agbẹjọ́rò àdúgbò tó ń bá Justice in Motion, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aṣíkiri, ṣiṣẹ́ ló ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń béèrè òbí. Títí di October 2020, òbí ọmọ 545 ni wọn kò tíì rí bá sọ̀rọ̀.

Ibi kan wà tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi kò dé. Nígbà ooru ọdún 2018 yẹn, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n fà lé ìyá wọn lọ́wọ́ tí wọn kò mọ ìyá mọ́, tí wọ́n ń sunkún pé kí wọ́n gbé àwọn padà sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ní ibùdó. Ọmọ ti dé ọwọ́, kò tíì dé ara. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, mo ń dúró dè é, kó má ṣáà jẹ́ “àtúndàpọ̀”.

Ó kù bí ẹ ó ṣe kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe níbi tó bá ti ṣeé ṣe: “Àdéhùn tí adájọ́ fọwọ́ sí ní December 2023 dè ìjọba fún ọdún mẹ́jọ kí wọ́n má tún gba ọmọ lọ́wọ́ òbí bí i ti 2018, ó sì ní kí wọ́n máa fa ọmọ lé òbí lọ́wọ́ nìṣó.” Ẹ má fi àmì ìsopọ̀ há a láàárín. Àwọn kan á ní ó gùn jù fún àkọlé, àwọn fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ẹyọ kan rè é: ìfọmọlóbìílọ́wọ́. Kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta láìmí, kí wọ́n tó padà wá bá mi.