Ṣé lóòótọ́ ni pé ara ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ níwájú èrò?

Bí ẹ bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ pé ìdá 93 nínú 100 ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ẹnu ló ń sọ ọ́, ara àti ohùn ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbèjà iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì ló ti torí ẹ̀ dààmú. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde nìyí.

Ìbéèrè: Níbo ni ìdá 93 yẹn ti wá?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ni, láti inú ìwádìí méjì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1967. Wọ́n gba ohùn èèyàn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré, irú bíi "bóyá". Wọ́n sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sọ ọ́ tìkórìíra-tìkórìíra, wọ́n sì tún sọ ọ́ ṣákálá. Wọ́n wá fi fọ́tò ojú èèyàn tì í, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń gbọ́ sọ bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò pé ojú kó 55, ohùn kó 38, ọ̀rọ̀ kó 7.

Kò sí ọwọ́ níbẹ̀, kò sí ìdúró, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Mehrabian fúnra rẹ̀ ti sọ pé ọ̀rọ̀ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn sí ẹlòmíì nìkan ni ìṣirò òun wà fún. Ó ń dùn mí gan-an bí wọ́n ṣe ń fi iye yìí dẹ́rù ba ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ dáa, tó fi wá ń múra ìdúró sílẹ̀ dípò kó múra àlàyé.

Ìbéèrè: Kí wá ni iṣẹ́ ara?

Ìdáhùn: Ẹlẹ́rìí ni. Bí ẹ bá ní inú yín dùn láti wà níbẹ̀, tí ojú yín sì fà ro, ojú yẹn làwọn èèyàn máa gbà gbọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ mi pé kí n wolẹ̀ níwájú àgbà. Wọ́n tún ní kí n wo ìgbìmọ̀ lójú. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àwọn tó kọ́ yín níkọ̀ọ́ ilé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó jẹ́ àfojúdi ni kí àgbà máa báni wí, kéèyàn tẹjú mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n fún láyè láti sọ̀rọ̀ kò sí nípò yẹn. Ẹ wo alága ìdúró níbi ìdána: ó kúnlẹ̀, ó kí àwọn òbí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá dìde, ó gbójú sókè, ó sì ń bá àwọn àgbà kan náà sọ̀rọ̀ lójú korojú. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, torí ara rẹ̀ ti kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin náà, ẹ tẹríba, ẹ kí wọn, kí ẹ tó gbójú sókè. Ẹ wo ẹnì kan títí gbólóhùn kan fi parí, kí ẹ tó gbé ojú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ lè rẹ ojú sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sì máa mi orí. Bí ó bá kan yín láti fèsì, ẹ gbé e sókè. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ má ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ́, torí àwọn kan níbẹ̀ lè rò pé ẹ ń fi nǹkan pa mọ́ ni.

Ìbéèrè: Ọwọ́ ńkọ́? Ṣé kí n mú un dúró jẹ́ẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Àwọn olùwádìí méjì, Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow, kọ ọ́ ní 1998 pé àwọn ọmọ tí a bí ní afọ́jú, tí wọn kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí, máa ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, kódà bó bá jẹ́ afọ́jú ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń sọ pé owó ọjà lọ sókè, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ bá a lọ. Ẹ má kawọ́ pọ̀nyìn bí ẹni tó wá rojọ́, ẹ má sì kì í bọ àpò níwájú àgbà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ márùn-ún, ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́: ẹni tó bá na ìka márààrún síni lójú lọ́dọ̀ wa ti búni níyàá-níyàá.

Ní ti ọwọ́ òsì, àwa nìkan kọ́. Sotaro Kita àti James Essegbey ṣe ìwádìí láàárín àwọn Ewe ní Gáánà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2001. Àwọn tó ń júwe ọ̀nà máa ń gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn, wọ́n á sì na ọ̀tún kọjá àyà, bí ibi tí wọ́n ń júwe bá tiẹ̀ wà lápá òsì. Nítorí náà, ẹ dúró níbi tí àwòrán tí ẹ ń fi hàn lára ògiri á ti bọ́ sí apá ọ̀tún yín bí ẹ bá kọjú sí èrò. Ọwọ́ ọ̀tún á tọ́ka sí i, ẹ ò sì ní kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n lọ dúró gbagidi, kí n fọwọ́ lé ìbàdí, kí n tó wọlé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ìwádìí kan tó jáde ní 2010, lára èèyàn 42, ló ní ó ń yí èròjà inú ara tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́nù padà. Wọ́n dán an wò lára 200 èèyàn ní 2015, èròjà náà kò yí padà. Dana Carney, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ti àkọ́kọ́, kọ ọ́ ní 2016 pé òun kò gbà á gbọ́ mọ́. Bó bá ń fún yín nígboyà, ẹ ṣe é. Ẹ má kàn gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Bí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má mú ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo dání, torí etí ìwé máa ń gbọ̀n ju ọwọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ojú máa lọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, tàbí kí ẹ gbé e lé tábìlì, kí ọwọ́ lè ráyè ṣiṣẹ́.