Ọ̀dà Kì í Gba Ọkọ̀ Ojú Irin Lọ́wọ́ Ìpẹtà

Tí wọ́n bá gbé orí ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ kalẹ̀ fún ìwòran, irú èyí tó ń jẹ èédú tó sì ń mu omi, ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń náwó lé. Wọ́n á kun ara rẹ̀ ní dúdú, wọ́n á kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Ẹni tó bá wá wò ó á ní wọ́n mà tọ́jú ẹ̀ o. Wọn ò tí ì tọ́jú ẹ̀ rárá. Àtíkè ni wọ́n lé sójú tí ẹnikẹ́ni ò bọ́.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin kan ní Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ àtijọ́ ní Dùgbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ yẹ ìlú yìí: ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 ni wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Mílímítà 1,067 ni àlàfo àárín irin méjèèjì. Ti ojú irin tuntun tó dé Mọ́níyà jẹ́ 1,435. Nítorí náà ọkọ̀ àtijọ́ ò lè dúró lórí irin tuntun láéláé, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ irin tirẹ̀ fún un, kí wọ́n da òkúta sábẹ̀ dípò erùpẹ̀, torí koríko tó bá hù yí ẹsẹ̀ irin ká ni yóò máa fi ìrì pa á lára ní gbogbo òwúrọ̀. Ti kírénì àti tírélà tó máa gbé e wá, ìyẹn ò le. Ohun tó le ń bẹ lábẹ́ ọ̀dà.

Ohun gbọọrọ roboto tí olùwòran ń rí, tó ń pè ní àgbá omi ọkọ̀ náà, kì í ṣe àgbá náà. Páánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò nípọn ju mílímítà bíi méjì lọ. Bọ́ílà gan-an, àgbá tí omi ti ń hó di ooru, wà lábẹ́ rẹ̀, irin tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí wọ́n fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn pọ̀. Láàárín páánù àti bọ́ílà ni wọ́n ki ohun rírọ̀ kan sí tí kì í jẹ́ kí ooru jáde, gẹ́gẹ́ bí kúlà oúnjẹ ṣe ní awọ méjì. Nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ooru bọ́ílà ń gbẹ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó bá di ohun ìwòran, kò sí ooru mọ́, ṣùgbọ́n òjò ò dáwọ́ dúró. Omi á gba ẹsẹ̀ irin ìdìmú wọlé, á gba ìdí ṣímínì wọlé, á gba ibi tí páánù méjì ti pàdé wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, páánù yìí sì ní ẹnu tó ju ogún lọ. Ohun rírọ̀ náà á mu omi yó bíi kànìnkànìn, á sì máa fi lẹ bọ́ílà lára fún oṣù mẹ́fà.

Kùnlékùnlé wá dé, ó fi pọ́tì dí gbogbo ojú ìsopọ̀, ó kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Omi tó ti wọlé ò rọ́nà jáde mọ́. Bíi bàtà aláwọ ni, tí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ tútù sínú ẹ̀, tí wọ́n wá fi pólíìṣì dán an. Lójú gbogbo ayé bàtà náà ń kọ mànà, ìka ẹsẹ̀ sì ń rà nínú ẹ̀. Bí òórùn bá sì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n tún pólíìṣì sí i, ta ni wọ́n ń tàn? Irin ò ní òórùn tirẹ̀, ìyẹn ni wọn kì í fi í tètè mọ̀. Ọ̀dà tó bá ń wú bí eéwo nìkan ni wọ́n máa rí, torí pé ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ó lè ti ojú irin méjì kúrò lára ara wọn títí orí ríbẹ́ẹ̀tì á fi já.

Ó yẹ kí wọ́n ṣí páánù náà kúrò, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó kàn gbé ọ̀bẹ dání. Asbestos, òkúta oníhóròfọ́nrán tí iná kì í jó, ni wọ́n ki sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá fa eruku rẹ̀ símú lónìí lè bẹ̀rẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún ọdún. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ló ń yọ ọ́: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó má baà gbọn eruku, wọ́n á wọ ìbòmú tó bá a mu, wọ́n á sì dì í sínú ọ̀rá méjì.

Ká wá wọ inú bọ́ílà, ibi tó dùn jù. Àpótí iná wà láàárín àpótí ńlá mìíràn, omi sì yí i ká láàárín méjèèjì. Àyè omi yìí tóóró, ìka mẹ́rin lè kún un. Nígbà tí ìtì ooru omi bá dé pọ́n-ùn 200 lórí ínǹṣì kan níbùú lóòró (táyà mọ́tò ò ju bí 35 lọ), orí irin tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró, ìtì tó ń tì í tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13. Irin pẹlẹbẹ ò lè fara da ìyẹn, á wú ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi na ọ̀pá kéékèèké, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, láti ara àpótí kan dé ara èkejì, kí méjèèjì máa di ara wọn mú.

Ọ̀pá wọ̀nyí máa ń ṣẹ́, kò sì sí ojú tó lè rí i, torí inú omi ni wọ́n wà. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i rèé: wọ́n lu ihò tín-ín-rín sí àárín ọ̀pá náà láti orí rẹ̀ tó wà níta. Bí ọ̀pá bá sán dé ihò, omi tàbí ooru á rọ́nà gba inú ihò jáde, á máa ṣe ṣìì, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì mọ ọ̀pá tó ti kú. Kò lo wáyà, kò lo iná. Díẹ̀ ni ohun tí ọmọ èèyàn ṣe tó dára tó ihò yìí. Ihò yìí gan-an ni kùnlékùnlé fi pọ́tì dí, torí ó rí i bí àbùkù lára irin.

Àyà ọkọ̀ níwájú, níbi tí èéfín ń gbà lọ sí ṣímínì, ní wàhálà tirẹ̀. Eérú èédú tí wọ́n bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ní imí-ọjọ́ nínú. Ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, á sì di ásíìdì ẹ̀yà ti inú bátìrì. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lu. Kí wọ́n gbá a mọ́ tónítóní, kí wọ́n ti bọ́rọ́ọ̀ṣì gba inú gbogbo páìpù, kí wọ́n sì fi ìdérí bo ṣímínì.

Ọyẹ́ ni ìgbà tó dára jù láti gbẹ bọ́ílà ní Ìbàdàn, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń wá omi mu. Wọ́n á ṣí gbogbo ìdérí ihò tí wọ́n fi ń fọ inú rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á ha ẹrẹ̀ àti èépá omi tó ti kó sí àyè tóóró yẹn jáde, wọ́n á sì fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ inú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn ò gbọdọ̀ dáná sínú bọ́ílà tí kò lómi: irin rẹ̀ á gbóná kọjá àlà, á sì rọ̀. Tó bá gbẹ dáadáa, wọ́n á kó hóró agbomi sínú abọ́ síbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, wọ́n á wá dé e pa. Bí wọ́n bá wọn hóró náà ní oṣoosù tó wúwo sí i, ó ti mumi nìyẹn. Kí wọ́n yan án gbẹ, kí wọ́n dá a padà. Bọ́ílà tí kò tíì gbẹ, ó sàn kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu ju kí wọ́n dé e pa lọ, torí omi inú rẹ̀ ò ní rọ́nà jáde: irin tó tutù lóru á làágùn nínú láàárọ̀ bí ìgò mínírà.

Àwọn ọ̀pá ẹsẹ̀ àti písítìnì ò fẹ́ ọ̀dà, gíríìsì ni wọ́n ń fẹ́. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀, kí wọ́n ti ọkọ̀ náà síwájú títí ẹsẹ̀ á fi yí ìdajì, kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà tẹ ojú kan náà kí epo ibẹ̀ sì gbẹ. Ohun tó bá jẹ́ idẹ tàbí bàbà tó ṣeé tú, kí wọ́n kó o sínú ilé, torí irin kọ́ńdẹ́ḿ lówó lórí.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kó tún rìn lọ́jọ́ kan, omi tútù ni wọ́n fi ń dán an wò, wọn kì í fi afẹ́fẹ́. Omi kì í sún kì, nítorí náà bí irin bá ya, yóò kàn jò ni, kò ní bú gbàmù. Wọ́n á rọ omi kún bọ́ílà dé ẹnu, wọ́n á fi ẹ̀rọ ọwọ́ fún un títí ìtì á fi tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ èyí tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí àpótí iná ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ihò sí ihò, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá tí omi bá ń kán lórí rẹ̀. Níbi tí pọ́tì bá ti dí ihò, wọ́n á kọ́kọ́ fi dírílì kékeré la gbogbo wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.