Òtútù ti dé, ṣé kí n gé irun ajá mi àbí kí n fi í sílẹ̀?

Irun ajá mi ti gùn gan-an. Ẹnì kan ní kí n má fi kílípà kàn án títí òtútù á fi lọ, ẹlòmíì ní kí n gé e báyìí kó má di ìdọ̀tí sí i lára. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Àwọn méjèèjì rí ibì kan sọ, wọ́n sì gbójú fo ibì kan. Ohun tó ń dà wá lójú rú ni pé a rò pé bí irun bá ṣe gùn tó ni ajá ṣe máa móoru tó. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ara ajá máa ń gbóná tó nǹkan bíi 38 sí 39 dígírì Celsius, ó fi díẹ̀ ju tiwa lọ, ooru yẹn á wá mú afẹ́fẹ́ tó wà nídìí irun gbóná, tí irun bá sì gbà á dúró síbẹ̀ òtútù ìta ò ní tètè rí ara ẹ̀ mú. Ẹ wá wo irun gígùn tó ti takókó, tó lẹ̀ mọ́ ara pẹ́kípẹ́kí bíi tìmùtìmù àtijọ́, ibo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà wọlé níbẹ̀? Tó bá tún wá tutù, omi á jókòó sí awọ ara ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ajá yẹn ò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ kóòtù tó rin gbindin jáde. Torí náà kẹ́ ẹ tó mú kílípà, ẹ mú òòyà irin, ẹ tì í bọ inú irun yẹn títí dé awọ, tó bá kọjá wẹ́rẹ́, irun yẹn ń ṣiṣẹ́, tó bá há, kò sí ohun tí gígùn ẹ̀ ń ṣe fún un.

Ṣé gbogbo ajá lọ̀rọ̀ yìí kàn? Poodle ni tèmi.

Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ní Husky àti ẹni tó ní Poodle á máa gbara wọn nímọ̀ràn bíi pé ajá kan náà ni wọ́n ń sìn.

Ìrísí irun méjì ló sábà ń fa ìjà yìí. Husky, Samoyed, German Shepherd, Golden Retriever, tó fi mọ́ Pomeranian kékeré yẹn, ìlọ́po méjì ni irun wọn: èyí tó wà nísàlẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó sì ki, èyí tó wà lókè gùn, ó le díẹ̀, omi àti yìnyín máa ń yọ̀ kúrò lórí ẹ̀. Irun wọn máa ń gùn dé ibì kan á dúró, á re, òmíì á hù. Irun Poodle, Maltese àti Yorkshire Terrier ò mọ ìdúró, ṣe ló ń gùn lọ bíi tèèyàn, kò sì sí òwú kankan tó ṣe gúnmọ́ nísàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, dandan ni kẹ́ ẹ máa gé tiwọn, òtútù o, ooru o. Ti Boxer àti Greyhound tí irun wọn kúrú gan-an, kò tiẹ̀ sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gé níbẹ̀, aṣọ ni kẹ́ ẹ wá fún wọn.

Kí ló burú nínú kéèyàn fá Husky? Ṣebí irun á padà hù.

Á hù, àmọ́ ìgbà wo? Tẹ́ ẹ bá fá a dé awọ, òwú ìsàlẹ̀ yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, irun òkè á wá máa fà lẹ́yìn, ó lè gbà tó oṣù 6 sí 12, ti àwọn ajá míì tiẹ̀ máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíì á hù ní pálapàla, àwọ̀ ẹ̀ lè yí padà pàápàá. Ní gbogbo àkókò yẹn kò sí ohun tó ń lé omi kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ohun tí irú ajá báyìí ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ máa ya irun tó ti kú kúrò lára ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún ara ajá pé ó tó àsìkò láti pààrọ̀ irun, bí ojúmọmọ bá ṣe ń gùn tàbí kúrú ni ara ẹ̀ fi ń mọ̀. Ajá tó ń gbé inú ilé tí iná ń tàn títí di òru, irun ẹ̀ lè máa re díẹ̀díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn.

Ó dáa, tí mo bá fẹ́ gé ti Poodle mi, báwo ni kí n ṣe fi í gùn tó?

Èmi máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ sílẹ̀ nígbà òtútù, ìyẹn ni pé màá fi òòyà oníke tí wọ́n ń kì sórí kílípà gé e. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara bíléèdì o, bó bá ṣe ń ga sí i ni irun á ṣe máa kúrú sí i, nọ́ńbà 10 máa ń ṣẹ́ku bíi mìlímítà 1 ààbọ̀, nọ́ńbà 4 á ṣẹ́ku bíi 9. Èèyàn pọ̀ tó ti rò pé nọ́ńbà ńlá ló máa fi irun púpọ̀ sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi máa la ojú, ajá ti dán.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè jókòó ti ajá yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kẹ́ ẹ ya irun ẹ̀ dáadáa, ẹ má tan ara yín, ẹ gé e sí ìdajì ìyẹn, kẹ́ ẹ wá wọ súwẹ́tà fún un tó bá fẹ́ jáde. Irun kúkúrú tó mọ́ sàn ju gígùn tó ti takókó lọ. Ẹ sì gé e ṣáájú kí òtútù tó le, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, kó lè ti hù díẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya tèmi, ó ṣì ń takókó.

Òkè lẹ̀ ń yà. Ẹ fọwọ́ kan gbé irun sókè, kẹ́ ẹ máa yà á ní ìpele-ìpele látìdí, kẹ́ ẹ wá fi òòyà irin yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ okùn ọrùn, àárín itan, ibẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ má wẹ ajá tó ní kókó lára o, omi máa ń fún kókó pọ̀ ni, ẹ tú u ná. Ẹ má sì fi sísọ́ọ̀sì gé kókó, torí awọ ara máa ń fà wọnú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí, kílípà ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá sì wẹ̀ ẹ́ tán, kó gbẹ dénú kó tó jáde.

Irun ẹsẹ̀ ńkọ́?

Èyí tó wà láàárín ìka lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ gé e kó dọ́gba pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀, irú ajá yòówù kó jẹ́, torí yìnyín máa ń dì síbẹ̀ bí òkúta kéékèèké. Ibi tí wọ́n bá ti ń da iyọ̀ sójú títì láti fi yọ́ yìnyín, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá délé, kó má lọ máa lá a.

Mo ti fá tèmi kí n tó ka èyí o!

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́ nìyẹn, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Àmọ́ tiyín ṣì ṣeé bò. Mo ti fá Pomeranian kan rí nítorí kókó, súwẹ́tà ló fi gba gbogbo òtútù ọdún náà kọjá, ó sì kórìíra ẹ̀ gan-an. Ẹ wá èyí tó bo àyà àti ikùn, ẹ bọ́ ọ tó bá ti wọlé kó má baà máa ta kókó sí irun tuntun, tó bá tutù ẹ bọ́ ọ kíá. Ẹ dín ìrìn kù, ẹ má sì mú u sún mọ́ hítà jù, awọ tó wà ní gbangba tètè máa ń jó. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń gbọ̀n, tó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, tó fẹ́ yí padà sílé, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ó dákẹ́ gbígbọ̀n, ara ẹ̀ wá ń rọ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Tí oṣù bá sì ń gorí oṣù tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì pá, ẹ sọ fún dókítà náà kó yẹ tàírọ́ìdì ẹ̀ wò, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, ó lè máà jẹ́ kílípà yín ló jẹ̀bi.