Lọ́ọ̀jì etí odò tí kò ní ọgbà: ewu ibẹ̀ ò sí níbi tí ọ̀pọ̀ ń wò

Kí ẹnì kan sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sùn ní lọ́ọ̀jì sàfárì kan, ilé àlejò fún àwọn tó ń lọ wo ẹranko inú ìgbẹ́, létí odò ní Zambia tàbí Tanzania, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé wọ́n mọ ọgbà yí i ká?" Tó bá ní wọn ò mọ nǹkan kan, pé aṣọ àgọ́ nìkan ló máa wà láàárín òun àti ìgbẹ́, àdúrà ló kù. Lójú tiwọn, kìnnìún á rọra wọlé lóru, á sì gbé e lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni mú ẹran lórí àtẹ. Ẹni tó fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀ nínú wọn á wá ní, "Ṣùgbọ́n ṣebí yàrá ẹ kọjú sí odò? Ó kéré tán, apá odò ò léwu."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló lòdì. Èyí tí wọ́n fi ń tu èèyàn nínú yẹn ló sì lè pa á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti kìnnìún, torí ẹ̀rù rẹ̀ ò ṣàdédé wá. Ní 1898, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ afárá rélùwéè sórí odò Tsavo ní Kenya, akọ kìnnìún méjì tí kò ní gọ̀gọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ jáde nínú àgọ́ lóru. Ó tó oṣù mélòó kan tí wọ́n fi ń ṣe é kí John Henry Patterson, ẹ̀ńjíníà tó ń darí iṣẹ́ afárá náà, tó yìnbọn pa wọ́n ní oṣù Kejìlá. Patterson fúnra rẹ̀ padà sọ pé èèyàn 135 ni wọ́n pa. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ irun àti egungun àwọn kìnnìún náà wò, tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2009, fojú bù ú sí nǹkan bí 35. Awọ wọn ṣì wà ní Field Museum ní Chicago títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn ní eyín tó ti bàjẹ́ gan-an, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó yà sídìí èèyàn, ẹran tí kò lágbára tó ẹfọ̀n.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sọ dé ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Tsavo mọ ọgbà. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n kó jọ yí ibùdó wọn ká, wọ́n tún dáná síbẹ̀, àwọn kìnnìún náà sì ń rí àyè gba inú ẹ̀gún kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Tsavo ṣe ẹ̀rí pé ọgbà ló ń gbani kò tíì ka ìtàn náà parí.

Kìnnìún tó sọ èèyàn di oúnjẹ kò wọ́pọ̀ níbi tí ẹfọ̀n àti ẹtu ti kún ilẹ̀. Létí odò Luangwa ní Zambia, kìnnìún lè gba iwájú àgọ́ kọjá lóru kó jẹ́ pé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa bá lórí iyanrìn láàárọ̀. Ohun tí àwọn atọ́nà máa ń sọ ni pé lójú ẹranko, àgọ́ tí wọ́n ti fa síìpù rẹ̀ pa jẹ́ odindi nǹkan kan gìrìwò tí kò ní inú, ó kàn máa yà fún un ni. Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ṣí i sílẹ̀ nítorí ooru, tàbí tó lọ tẹ́ ẹní síta kó lè rí ìràwọ̀. Bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí síìpù sì wà ní pípa, ibi tí ọkàn yín ti lè balẹ̀ jù nínú gbogbo ìgbẹ́ náà lẹ wà yẹn.

Ó wá ku erinmi.

Erinmi ni gbogbo èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín. Koríko ló ń jẹ, ikùn rẹ̀ rí róbótó, ó ń yán gbàgà nínú fọ́tò. Ó rọrùn láti rò pé ẹran tí kì í jẹ ẹran kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n akọ erinmi lè wọn ju 1,500 kìlógíráàmù lọ, àwọn tó tóbi nínú wọn sì ń lé ní 3,000. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, kò sì fi eyín yìí jẹ koríko rárá. Ètè ló fi ń já koríko. Ìjà ni eyín wà fún.

Ojú ọ̀sán ló máa ń wà nínú omi, torí oòrùn ń jó awọ rẹ̀. Omi pupa tó ń sun lára rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ní 2004, àwọn olùwádìí kan láti Japan fi hàn pé èròjà àwọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, pupa àti aláwọ̀ ọsàn, tó ń gba awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Èyí pupa tún ń ṣẹ́gun kòkòrò àrùn. Mo mẹ́nu bà á torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè.

Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ó máa jáde. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ "apá odò ò léwu" ti wó. Odò tí ẹ rò pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹranko ni erinmi fi ṣe ilé, etí odò tí ẹ sì ń sùn sí ni ọ̀nà tó ń gbà jáde lọ jẹun. Ó lè jẹ tó 40 kìlógíráàmù koríko lóru kan, ojú ọ̀nà kan náà ló sì fẹ́ràn láti máa tọ̀ lóru lóru títí ibẹ̀ á fi di kòtò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ìgbẹ́ bá ti gbẹ, pápá iwájú lọ́ọ̀jì tí wọ́n ń bomi rin nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àgọ́: ṣàà, ṣàà, ṣàà, koríko ń já. Lẹ́yìn náà, èémí wúwo, lẹ́yìn náà ṣàà mìíràn. Kò bìkítà fún yín. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ohunkóhun ju kí ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ máa gbọ́ lọ. Àlejò tó bá fa síìpù wálẹ̀ kó lè fi fóònù ya fọ́tò, tí fíláàṣì sì bù yẹ̀rì, ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà tí kò pè é.

Ìdí ni pé bí erinmi bá wà lórí ilẹ̀, tí nǹkan sì já a láyà, omi ló ń sá padà sí. Ẹnikẹ́ni tó bá wà láàárín òun àti omi ti di ìdènà. Kò fẹ́ pa á jẹ, ó fẹ́ kọjá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tí ó gé jẹ kò ní mọ ìyàtọ̀. Ó lè sáré tó 30 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Èèyàn bíi tèmi tiyín ò lè sáré bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń gba àlejò sílẹ̀ ni ọkùnrin tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì tí kò ní ọgbà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá rìn láti yàrá lọ síbi oúnjẹ. Olùṣọ́, tí wọ́n ń pè ní askari ní Kenya àti Tanzania, ló máa wá mú yín. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe é: iwájú ló ń wà, ó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì gbá ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ojú ẹranko tó bá tàn padà ló ń wá. Tó bá dé ibi tí igbó ṣú bo ọ̀nà, á dúró, á tẹ́tí. Tó bá rí erinmi, kò ní lé e. Á yí yín padà, ẹ ó sì dúró títí erinmi yóò fi lọ, bó tiẹ̀ gba wákàtí kan, bí ọbẹ̀ tiẹ̀ tutù.

Ó máa ń bí àwọn àlejò kan nínú. Wọ́n á ní ibi tó fi ìṣísẹ̀ mélòó kan jìnnà sí yàrá, ṣé ọmọdé làwọn ni? Àwọn mìíràn gbà pé ọgbọ́n àtigba owó ọwọ́ àlejò ni. Ẹ fún un lówó tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má dá rìn. Tí nǹkan bá ṣe yín lóru, fèrè tàbí rédíò tí wọ́n gbé sí yàrá lẹ máa lò.

Lójú omi náà, òfin ló ń ṣiṣẹ́. Àgbà erinmi kì í léfòó; ìsàlẹ̀ odò ló ń rìn, ó sì lè wà lábẹ́ omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó yọ imú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé àlejò lórí odò Zambezi fi máa ń rọ̀ mọ́ ibi tí omi ò ti jìn. Ibi jíjìn ni erinmi tó bá bẹ̀rù máa ń sá lọ, wọn ò sì fẹ́ wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀nì ńkọ́? Ó wà, ó lè gùn tó mítà márùn-ún, ẹsẹ̀ omi ló ń ba sí. Àlejò kì í sábàá bọ́ sí i lẹ́nu, torí kò sí ohun tó ń gbé e dé ẹsẹ̀ omi. Àwọn tó ń bọ́ sí i lẹ́nu ni obìnrin tó wá pọnmi, ọmọ tó wá wẹ̀, apẹja tó dúró sínú omi dé orókún. Èmi ò mọ bí ẹni tí olùṣọ́ ń sìn lọ síbi oúnjẹ ṣe máa ń délé ròyìn ìgboyà, nígbà tí àwọn tó ń gbé òdìkejì odò kan náà ń dé ẹsẹ̀ omi lójoojúmọ́ láìní tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má sì tẹsẹ̀ bọ odò nítorí pé ẹ ò rí ọ̀nì. Kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá (bilharzia) ń gbé inú omi tó rọra ń ṣàn, lára ìgbín omi ló ti ń jáde.

Ti erin yàtọ̀. Ní lọ́ọ̀jì Mfuwe, ní South Luangwa, ibi ìtọ́jú ẹranko kan ní Zambia, erin máa ń gba inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba àlejò kọjá ní ìparí ọdún lọ jẹ máńgòrò inú ìgbẹ́, torí ojú ọ̀nà wọn ni wọ́n kọ́lé sí. Ẹ sún sẹ́yìn fún wọn. Ẹ má sì kó èso pamọ́ sí àgọ́: ní Mana Pools, ibi ìtọ́jú ẹranko kan ní Zimbabwe, òfin ò gbà kí àlejò gbé ọsàn wọlé rárá, nítorí erin tó bá gbóòórùn rẹ̀ á wá a dé ibi tó wà.

Àmọ́ bí a bá fẹ́ sọ òótọ́ nípa ohun tó ń pani, ẹ̀fọn ni. Nínú nǹkan bí 597,000 èèyàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù pé ibà pa ní 2023, Áfíríkà ni nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra. Bó bá jẹ́ doxycycline, oògùn tó ń dènà ibà, ló kọ fún yín, ẹ máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń já a sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á lè lọ sí ibi tó ní wáyà. Àwọn ibùdó ńlá ìjọba ní Kruger, ibi ìtọ́jú ẹranko kan ní South Africa, bíi Skukuza tó wà létí odò Sabie, ní ọgbà àti géètì tí wọ́n ń tì ní àkókò kan pàtó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ní ọmọ kékeré. Ọ̀pọ̀ ibùdó tí kò ní ọgbà ni kì í gba ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá tó iye kan, torí ọmọdé ń sáré jáde kí olùṣọ́ tó dé. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń sin àlejò lóru.